Ìdánwò àpapọ̀ tí òfin fi dandan lé: kí ló ń ṣe sí tíṣà àti ilé-ìwé gan-an?

Alákòóso_Ẹ̀kọ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé. Mo fẹ́ ká jọ tú ọ̀rọ̀ ìdánwò àpapọ̀ palẹ̀: èyí tí òfin ní kí gbogbo ọmọ kíláàsì kan ṣe lórí ìwọ̀n kan náà, tí wọ́n á sì wá fi máàkì rẹ̀ dá ilé-ìwé àti tíṣà lẹ́jọ́. Amẹ́ríkà ni ká fi ṣe àpẹẹrẹ jù, torí wọ́n gbé e jìnnà níbẹ̀, ìwádìí tó wà lórí rẹ̀ sì pọ̀.

Ẹni tí kò bá mọ ìpìlẹ̀ rẹ̀, òun rèé. Ní oṣù kìíní ọdún 2002, Ààrẹ George W. Bush buwọ́ lu òfin No Child Left Behind. Òfin náà ní kí gbogbo ìpínlẹ̀ máa dán ọmọ wò lọ́dọọdún nínú ìwé kíkà àti ìṣirò, láti kíláàsì kẹta dé ìkẹjọ, àti ẹ̀ẹ̀kan sí i ní girama. Àpapọ̀ máàkì ilé-ìwé nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò. Wọ́n pín àwọn ọmọ sí ìsọ̀rí: ẹ̀yà, ọmọ aláìní, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ tó ní ìpèníjà ara tàbí ti ọpọlọ. Ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ dé ojú àmì, ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló sì gbọ́dọ̀ jókòó ṣe ìdánwò. Bí ìsọ̀rí kan ṣoṣo bá kùnà, gbogbo ilé-ìwé ló kùnà. Ojú àmì yẹn ń gòkè títí tí yóò fi di pé kí gbogbo ọmọ pátá yege nígbà tó bá fi máa di ọdún 2014.

Ìyà rẹ̀ ní ìpele, àwọn ilé-ìwé tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ nítorí ọmọ aláìní ló sì já lé lórí. Ọdún méjì léraléra láìdé ojú àmì, òbí lè kó ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé mìíràn. Ọdún kẹta, ilé-ìwé gbọ́dọ̀ sanwó fún ẹ̀kọ́ àfikún. Ọdún kẹrin, wọ́n lè pààrọ̀ òṣìṣẹ́ tàbí sílébọ́ọ̀sì. Láti ọdún karùn-ún lọ, ètò bí wọ́n á ṣe tú ilé-ìwé náà tò ló kàn.

Ìbéèrè mi méjì nìyí. Nígbà tí irú ẹrù báyìí bá wà lórí máàkì, kí ló máa ń yí padà nínú kíláàsì? Báwo ni ọ̀gá ilé-ìwé ṣe lè mọ̀ pé ìmọ̀ ló gbé máàkì gòkè, pé kì í ṣe ọgbọ́n ìdánwò lásán?

Tíṣà_Kíláàsì_Karùn-ún

Ẹ ṣeun ọ̀gá. Táìmù-tébù ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Wákàtí ilé-ìwé kì í gùn sí i, nítorí náà ohunkóhun tí wọ́n bá fi kún ìwé kíkà àti ìṣirò, ara nǹkan mìíràn ni wọ́n ti gé e. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan, Center on Education Policy, bi àwọn aláṣẹ agbègbè ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà léèrè, wọ́n sì gbé èsì jáde ní 2007. Ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún ní àwọn ti fi àkókò kún ẹ̀kọ́ méjì yìí ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí òfin náà ti dé. Ìdá 44 sọ pé àwọn gé àkókò ohun mìíràn: ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ àwùjọ, iṣẹ́ ọnà, orin, eré ìdárayá, títí kan àkókò oúnjẹ àti ìsinmi àwọn ọmọ.

Èyí hàn sí gbogbo ènìyàn. Èyí tí kò hàn ni gígé tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò àti ìwé kíkà fúnra wọn, òun ló sì dùn mí jù. Ìdánwò kan kò lè béèrè gbogbo iṣẹ́ ọdún kan. Bí ìbéèrè bá jẹ́ 45, apá kan nínú sílébọ́ọ̀sì ló kàn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹnikẹ́ni tó bá ń kó ìbéèrè àtẹ̀yìnwá jọ á ti mọ orí tó máa ń jáde àti èyí tí kì í jáde rárá. Orí tí kì í jáde á wá rọra kú.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà béèrè. Ẹ wo ìbéèrè yìí: yọ 38 kúrò nínú 92. Ìdáhùn tí wọ́n tò kalẹ̀: 54, 64, 66, 130. Tíṣà tí ìbẹ̀rù ti mú á kọ́ ọmọ pé kó wo ẹyọ nìkan: 8 kò ṣeé yọ nínú 2, yá 10, ó di 12, yọ 8, ó ku 4. Lọ́gán, 66 àti 130 ti jáde. Ó ku 54 àti 64. Ọmọ tí kò mọ̀ pé ẹ̀wá tí òun yá gbọ́dọ̀ dín kù lára 9 ti ní ààbọ̀ àǹfààní láti gbà á. Àṣìṣe gan-an tí wọ́n fi ìbéèrè yẹn wá, ìyẹn gbígbàgbé ohun tí a yá, ni ẹ̀tàn yìí bò mọ́lẹ̀. Ẹ fún ọmọ yẹn ní 92 yọ 38 láìsí ìdáhùn títò, ẹ ó rí i pé yóò kọ 64.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú àròkọ. Bí ìwé ìgbéléwọ̀n bá ń fún ìpínrọ̀ márùn-ún ní máàkì, ìpínrọ̀ márùn-ún ni gbogbo ọmọ á máa kọ títí ayé, ì báà jẹ́ lẹ́tà, ì báà jẹ́ ìtàn.

Oníwọn_Máàkì

Ohun tí Tíṣà ń sọ yìí, máàkì tó wú ni àwa tó ń ṣe iṣẹ́ ìwọ̀n ń pè é. Nǹkan tó bá wú kò túmọ̀ sí pé ó sanra.

Wọ́n ti fi hàn tipẹ́. Ní 1991, Daniel Koretz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí agbègbè ẹ̀kọ́ kan jáde, tó pààrọ̀ ìdánwò ìṣirò tó ń lò sí òmíràn. Lọ́dún tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, máàkì kíláàsì kẹta já wálẹ̀ tó ìdajì ọdún ẹ̀kọ́ kan. Láàárín ọdún mẹ́rin ó ti gun padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Àwọn olùwádìí wá fún irú àwọn ọmọ yìí ní ìdánwò àtijọ́ tí wọ́n ti pa tì. Máàkì tún já, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye kan náà. Ohun tó ga ni mímọ ìdánwò tó wà lóde. Ìṣirò fúnra rẹ̀ wà níbi tó wà.

Ìdí nìyí tí NAEP, ìdánwò tí wọ́n fi ń wo bí ẹ̀kọ́ ṣe ń lọ ní gbogbo orílẹ̀-èdè, fi ṣe pàtàkì ní Amẹ́ríkà. Láti 1969 ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn ọmọ tí wọ́n ṣà yọ nìkan ló ń ṣe é, ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ń rí ìwọ̀nba díẹ̀ nínú gbogbo ìbéèrè. Kò sí máàkì tó ń lọ sórí ọmọ, tíṣà tàbí ilé-ìwé kankan. Torí pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè rí gbà tàbí pàdánù nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ọgbọ́n rẹ̀. Bí máàkì ìpínlẹ̀ kan bá ń fò lọ sókè tí ti NAEP dúró sójú kan, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni kí ẹ máa bi ìpínlẹ̀ náà.

Donald Campbell, onímọ̀ ìwádìí àwùjọ, ti sọ kókó rẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1980: bí a bá ṣe ń gbé ìpinnu lé nọ́ńbà kan tó, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà náà á ṣe máa bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa ń ba iṣẹ́ tó yẹ kó máa wọ̀n jẹ́.

Ìyá_Ìkàwé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dá a dúró níbẹ̀ díẹ̀. Kí òfin yẹn tó dé, ilé-ìwé lè ní àpapọ̀ máàkì tó dára, kí àwọn ọmọ aláìní inú rẹ̀ má mọ ìwé kà, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀. Àpapọ̀ a máa bo ọmọ mọ́lẹ̀. Pípín sí ìsọ̀rí ló mú kí wọ́n rí ọmọ tó ní ìpèníjà, tí wọ́n máa ń fi sí kíláàsì ẹ̀yìn láìkọ́ ọ ní nǹkan kan.

Èsì rere náà wà. Thomas Dee àti Brian Jacob fi NAEP gan-an, tí Oníwọn ń yìn, wọ̀n ọ́n, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2011. Wọ́n rí i pé òfin náà gbé ìṣirò kíláàsì kẹrin ga lóòótọ́, ó sì hàn jù lára àwọn tó wà nísàlẹ̀. Kò wú rárá, ìmọ̀ ni. Bí a bá ní ká da gbogbo rẹ̀ nù, àwọn ọmọ wo la ó tún padà fi pamọ́?

Oníwọn_Máàkì

Ìyá wa, òótọ́ lẹ sọ, mi ò sì ní bá a jà. Kí n ṣáà fi kún un pé ìwádìí kan náà kò rí nǹkan kan tó gòkè nínú ìwé kíkà. Pípín sí ìsọ̀rí dára. Ohun tí wọ́n so mọ́ ọn ló bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà ṣe é, torí ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í.

Kíláàsì kan ní ọmọ 30. Ojú àlà ìyege jẹ́ 300. Ọmọ 12 ti wà lókè àlà. Ọmọ 8 wà láàárín 290 sí 299. Ọmọ 10 tó kù wà ní 250 sísàlẹ̀. Ìdá àwọn tó yege jẹ́ 40 nínú ọgọ́rùn-ún.

Tíṣà àkọ́kọ́ gbájú mọ́ ọmọ 8 tó wà létí àlà, márùn-ún nínú wọn sì fi máàkì mẹ́wàá péré gòkè. Ìdá ìyege di 57. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Tíṣà kejì gbé àwọn 10 tó wà nísàlẹ̀ láti 240 sí 280, iṣẹ́ ńlá gidi, máàkì 40 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìdá ìyege dúró ní 40. Ìwé ìdájọ́ ní kò ṣe nǹkan kan.

Ọmọ etí àlà ni gbogbo ìrànlọ́wọ́ á máa lọ bá. Derek Neal àti Diane Schanzenbach rí i nínú àkọsílẹ̀ Chicago, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2010: àwọn ọmọ àárín gòkè, àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá kò jèrè nǹkan kan tó ṣeé tọ́ka sí. Nítorí náà, Ìyá wa, ọmọ tí òfin fẹ́ rí gan-an ni àlà tún fi pamọ́.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ má ṣe ka ìdá àwọn tó yege nìkan. Ẹ ka àárín máàkì gbogbo ọmọ, tàbí ẹ fún ìpele kọ̀ọ̀kan ní àmì: bí ọmọ bá kúrò ní ìpele ìsàlẹ̀ pátápátá sí èyí tó tẹ̀ lé e, kí ilé-ìwé gbà á gẹ́gẹ́ bí ìlọsíwájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì dé àlà.

Ọ̀gá_Ìdánwò

Àwọn ọ̀nà ẹ̀bùrú kò tíì jáde nínú ọ̀rọ̀ wa. Ẹni tí kò bá lè gbé máàkì ga á máa yí iye ènìyàn tó ń ṣe ìdánwò padà. Brian Jacob rí i ní Chicago pé nígbà tí ẹrù dé orí máàkì, iye ọmọ tí wọ́n ń kọ sí ẹ̀kọ́ àkànṣe pọ̀ sí i, wọ́n sì ń dá ọmọ púpọ̀ dúró ní kíláàsì kan náà. David Figlio wo ìwé ìbáwí ní Florida: bí ọmọ méjì bá jọ ṣẹ̀, ìjìyà ọmọ tí máàkì rẹ̀ kéré ló ń pẹ́ jù, ìyàtọ̀ náà sì ń fẹ̀ sí i nígbà ìdánwò. Òun àti Joshua Winicki tún wo oúnjẹ ọ̀sán ilé-ìwé ní Virginia. Àwọn agbègbè tí ìyà ń bọ̀ wá bá ilé-ìwé wọn fi agbára oúnjẹ kún abọ́ àwọn ọmọ ní ọjọ́ ìdánwò. Àwọn ọmọ jẹun yó, kò burú, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìdánwò nìkan ni.

Ní England, àwọn ilé-ìwé kan máa ń rọ òbí pé kó kó ọmọ lọ kí ìdánwò tó dé. Orúkọ ọmọ á kúrò nínú ìwé, máàkì rẹ̀ kò ní kàn wọ́n mọ́.

Ó wá kan jìbìtì gan-an. Jacob àti Steven Levitt ṣírò rẹ̀ ní 2003 pé ó kéré tán, kíláàsì mẹ́rin sí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Chicago ni tíṣà tàbí alákòóso ti yí ìdáhùn padà lọ́dún. Ní Atlanta, ìdánwò ọdún 2009 ló tú àṣírí. Ìròyìn ìwádìí ìpínlẹ̀ Georgia ti 2011 dárúkọ tíṣà àti ọ̀gá 178 nínú ilé-ìwé 44. Ní oṣù kẹrin 2015, ilé ẹjọ́ dá 11 nínú àwọn 12 tí wọ́n gbé dé iwájú àwọn adájọ́ aráàlú lẹ́bi, lábẹ́ òfin tí wọ́n fi ń mú ẹgbẹ́ ọ̀daràn.

Bí wọ́n ṣe rí i: ẹ̀rọ tó ń ka bébà ìdáhùn ń rí ibi tí wọ́n ti pa pẹ́ńsù rẹ́. Wọ́n ka iye ìgbà tí wọ́n pa ìdáhùn tí kò tọ́ rẹ́, tí wọ́n fi èyí tó tọ́ rọ́pò, fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi wé àárín gbogbo ìpínlẹ̀ fún kíláàsì àti ẹ̀kọ́ kan náà. Kíláàsì tó bá ga ju àárín lọ ní ìlọ́po mẹ́ta ìwọ̀n ìtànká (ìyẹn ìwọ̀n bí nọ́ńbà ṣe máa ń jìnnà sí àárín), wọ́n fi àmì sí i. Àmì yẹn kì í ṣe ẹ̀rí jìbìtì fúnra rẹ̀. Ohun tó sọ ni pé kí ẹ lọ wádìí.

Ẹni tó ń bójú tó ìdánwò, ẹ fi èyí sọ́kàn:

Ẹ ka ìwé ìbéèrè nígbà tó dé, nígbà tí ẹ pín in, nígbà tí ẹ gbà á padà. Nọ́ńbà ẹ̀yìn ìwé ni kí ẹ fi kà á. Kíkà iye rẹ̀ nìkan kò tó. Tíṣà kò gbọ́dọ̀ bójú tó kíláàsì tirẹ̀. Ibi ìtọ́jú gbọ́dọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ méjì lọ́wọ́ ènìyàn méjì. Àkókò tí nǹkan máa ń bàjẹ́ jù ni láàárín ìgbà tí ọmọ fi pẹ́ńsù sílẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n di bébà sínú àpò. Ní Atlanta, àkókò yẹn ni wọ́n lò. Nítorí náà, kí bébà kúrò ní kíláàsì lọ́wọ́ ènìyàn méjì láàárín ìṣẹ́jú 30, kí wọ́n dì í, kí wọ́n kọ aago sí i. Bí kọ̀ǹpútà bá ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹ̀rọ náà ń kọ ìgbà tí ìdáhùn yí padà sílẹ̀. Ìdáhùn tó yí lẹ́yìn tí ọmọ ti kúrò lórí ìjókòó ni kí ẹ wá.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́_Tíṣà

Ẹ kú làákàyè o. Ibi tó ti kan owó oṣù àti iṣẹ́ tíṣà ni kí n fi ẹnu bà. Láti 2009, ètò ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Race to the Top, owó rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 4.35 dọ́là, mú kí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ so ìgbéléwọ̀n tíṣà mọ́ máàkì ọmọ. Wọ́n ń ṣírò iye tó yẹ kí ọmọ gbà látinú máàkì rẹ̀ àtẹ̀yìnwá, wọ́n á yọ ọ́ nínú èyí tó gbà, wọ́n á ní ohun tó kù ni iṣẹ́ tíṣà.

Níbo ló ti ń wó? Àkọ́kọ́, nínú iye ọmọ. Bí kíláàsì bá ní ọmọ 25, àṣìṣe tó wà nínú àárín máàkì wọn tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ìtànká máàkì ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó ka ohunkóhun mọ́ tíṣà. Ẹ lè fi ohun tí wọ́n ti mọ̀ nípa ọmọ tẹ́lẹ̀ dín in kù, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ gidi tó wà láàárín tíṣà kan àti èkejì kò fi bẹ́ẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ariwo àti ohùn wá ń dún bákan náà. Èkejì, wọn kì í ṣẹ́ kèké pín ọmọ sí kíláàsì. Àwọn ọ̀gá máa ń kó ọmọ tó le fún tíṣà tó mọwọ́ wọn. Ẹ̀kẹta, orin, iṣẹ́ ọnà, ìtàn, kíláàsì kìíní àti ìkejì, kò sí ìdánwò àpapọ̀ fún wọn rárá, wọ́n sì wá ń fi máàkì ìṣirò gbogbo ilé-ìwé dá tíṣà orin lẹ́jọ́. Èyí kò bá ẹ̀tọ́ mu ní ojú ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù kẹrin 2014, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò-ètò ní Amẹ́ríkà, American Statistical Association, sọ ọ́ gbangba pé nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ìwádìí, ìdá 1 sí 14 nínú ọgọ́rùn-ún ìyàtọ̀ máàkì ọmọ ni a lè kà sí ti tíṣà. Nígbà tí Ààrẹ Obama buwọ́ lu òfin Every Student Succeeds Act, tó rọ́pò No Child Left Behind, ní oṣù kejìlá 2015, ìjọba àpapọ̀ kò lè fi dandan lé ìgbéléwọ̀n tíṣà lórí máàkì mọ́. Ìdánwò ọdọọdún ṣì wà níbẹ̀ o.

Àtakò náà ti wáyé. Àwọn tíṣà Garfield High School ní Seattle kọ̀ láti ṣe ìdánwò kan tí wọ́n ń pè ní MAP ní oṣù kìíní 2013. Ní New York, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn ọmọ tó yẹ kó ṣe ìdánwò 2015 ni òbí wọn kò jẹ́ kí wọ́n jókòó ṣe é. Ní England, bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kò ṣe ìdánwò ọmọ ọdún 11 ní 2010.

Alákòóso_Ẹ̀kọ́

Ọlọ́run á máa fún yín ní ọgbọ́n sí i. Ìbéèrè mi kan ló kù fún Oníwọn: ilé-ìwé kékeré ńkọ́? Bí ọmọ kíláàsì kẹrin bá jẹ́ 20 péré, ṣé wọ́n lè fi máàkì ọdún kan dá a lẹ́jọ́? Èkejì, ẹni tó fẹ́ yẹ máàkì ilé-ìwé tirẹ̀ wò bóyá ó wú, báwo ni kó ṣe ṣe é láìná owó púpọ̀?

Oníwọn_Máàkì

Ọmọ 20, ọdún kan kò tó. Thomas Kane àti Douglas Staiger fi àkọsílẹ̀ North Carolina hàn ní 2002 pé àwọn ilé-ìwé tó kéré jù ló ń wà lókè pátápátá nínú àtò ìlọsíwájú, àwọn náà ló tún ń wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ọmọ méjì tó ṣàìsàn tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé lè gbé àárín máàkì lọ sọ́tùn-ún sósì. Ọdún mẹ́ta ni kí ẹ pa pọ̀, ó kéré tán, kí ẹ tó sọ pé nǹkan yí.

Ti àyẹ̀wò, ẹ mú ohun méjì sí mẹ́ta tí máàkì yín ga jù nínú rẹ̀, ẹ ṣe ìbéèrè 12 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin rí gẹ́lẹ́ bí ìdánwò àpapọ̀ ṣe ń béèrè. Mẹ́rin jẹ́ ìbéèrè kan náà láìsí ìdáhùn títò, kí ọmọ kọ tirẹ̀, kó sì fi iṣẹ́ hàn. Mẹ́rin tó kù, ẹ yí ojú wọn padà: ẹ fi ọ̀rọ̀ rọ́pò àwòrán, ẹ béèrè ẹ̀yìn ìṣirò dípò iwájú rẹ̀, ẹ lo nọ́ńbà tí kò wọ́pọ̀. Bí kíláàsì náà bá ní ọmọ 200 nínú gbogbo ẹ̀ka rẹ̀, ẹ ṣẹ́ kèké mú 60, ó tó. Ẹ má ṣe sọ fún tíṣà ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ẹ má sì kọ orúkọ tíṣà sí i, torí bí ẹ bá kọ ọ́, òun náà á di ìdánwò tí wọ́n ń bẹ̀rù, á sì wú lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ fi ìdá tí wọ́n gbà nínú mẹ́rin àkọ́kọ́ wé èkejì àti ẹ̀kẹta. Ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn títò á le díẹ̀ fún gbogbo ọmọ, nítorí náà kí ó lọ sílẹ̀ díẹ̀ kì í ṣe àléébù. Bí ó bá lọ láti 80 sí 70, ẹ sinmi. Bí ó bá já láti 80 sí 45, tàbí tí apá kẹta já tí èkejì dúró, ẹ pè tíṣà jókòó pẹ̀lú bébà àwọn ọmọ, kí ẹ wo ibi tí wọ́n ti ṣì í. Àṣìṣe tó bá jọra láàárín ọ̀pọ̀ ọmọ, bíi 64 tí Tíṣà sọ lókè yẹn, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Tíṣà_Kíláàsì_Karùn-ún

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi èyí kún un: ẹ má ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ṣáájú ìdánwò àpapọ̀. Àsìkò yẹn, ọgbọ́n ìdánwò ló wà lórí àwọn ọmọ, ẹ kò ní rí ohun tí wọ́n mọ̀. Oṣù kejì lẹ́yìn rẹ̀ ni ó dára jù, bí ilé-ìwé bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, nítorí ohun tí ọmọ bá ṣì mọ̀ nígbà yẹn, ó ti di tirẹ̀.